Ògiri Tí Òjò Wó Ní Ìsọ̀kùn: Bí A Ṣe Béèrè Owó Gbà-má-bìínú Lọ́wọ́ Agbaṣẹ́ṣe

Ní ìlú Iléṣà tí mo ń gbé, bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ba nǹkan jẹ́ nínú ilé ẹni, ẹ̀bẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ìṣirò. Àwọn àgbà àdúgbò yóò wá, olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà yóò wá, ẹni tí ó júwe rẹ̀ fún yín yóò dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ wọ́nú, kí ẹ wò ó bí ọmọ yín. N kò lòdì sí ẹ̀bẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, èmi náà sì ti tẹ̀lé àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidigidi ni pé ẹni tí kò tíì mọ iye tí òun pàdánù kò lè mọ ohun tí òun ń dárí rẹ̀ jini, àti pé oníṣẹ́ tí a forí jì láì ka ohun tí ó bàjẹ́ lójú rẹ̀ yóò lọ sí ilé ẹlòmíràn pẹ̀lú ọwọ́ kan náà.

Ilé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní àdúgbò Ìsọ̀kùn. Bàbá ìyá mi ni wọ́n kọ́ ọ, láti inú èrè aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì àti Àkókó, nítorí òṣómàáló ni wọ́n. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Iléṣà ti rí, débi pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, màmá mi sì máa ń gbé abọ́ kalẹ̀ káàkiri pálọ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi dáwó jọ, a wá agbaṣẹ́ṣe kan, a sì kọ àdéhùn sílẹ̀ pé yóò tú páànù àti igi àtijọ́, yóò kan igi tuntun, yóò sì fi páànù tuntun bo ilé náà.

Inú oṣù Okúdù ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí ní àkókò òjò yóò tú apá kan ilé, yóò bò ó, kí ó tó bọ́ sí apá kejì, yóò sì ti ní tapólì nílẹ̀ de òjò. Agbaṣẹ́ṣe tiwa kó ọ̀pọ̀ lébìrà wá, wọ́n tú gbogbo páànù ilé náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ láì fi ohunkóhun bo orí ògiri. Òjò rọ̀ mọ́jú, ó sì tún rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ilé àbúrò wọn ni màmá mi sùn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un títí di òní, nítorí ògiri tí ó pààlà pálọ̀ àti yàrá wọn ya lulẹ̀, ó sì wó lé bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ àti tẹlifíṣàn wọn. Àwọn pákó àjà, tí kò sí nínú iṣẹ́ tí a gbé fún un rárá, mu omi, wọ́n sì já sílẹ̀. Wáyà iná ilé náà kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí amọ̀ ṣe ń wó, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e dúró sí. Ògiri amọ̀ tí ó gbẹ lágbára púpọ̀, ó lè gbé ilé ró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Orí rẹ̀ ni ibi àìlera rẹ̀. Òrùlé ni ó ń dáàbò bo orí náà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn baba wa fi máa ń jẹ́ kí ìtẹ́rí òrùlé yọ síta dáadáa. Bí omi bá gba òkè wọlé, amọ̀ yóò rọ̀, yóò wú, yóò sì wúwo ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, ní àkókò kan náà tí agbára rẹ̀ ń dínkù. Sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ tún ń dá kún un, nítorí kì í jẹ́ kí omi tí ó ti wọlé tètè gbẹ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń bo ìdí ògiri mọ́lẹ̀ tí a kò fi ní rí i pé ó ti ń rọ̀. Gbogbo bíríkìlà Iléṣà ni ó mọ èyí. Agbaṣẹ́ṣe náà mọ̀ ọ́n, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún wa nígbà tí ó wá wo iṣẹ́ pé ilé amọ̀ ni, kò fẹ́ omi.

Síbẹ̀, nígbà tí ó dé tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, gbólóhùn tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àti pé kò sí ẹni tí ó lè di òjò mú. Àwọn kan lára àwọn tí ó dúró síbẹ̀ mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára ní àwùjọ wa, nítorí ẹni tí ó bá jiyàn sí i dà bí ẹni tí ń bá Ọlọ́run jà. Mo bi àbúrò mi tí ó jẹ́ lọ́yà ní Òṣogbo léèrè bóyá òfin gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin gbà á, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tóóró. Àwọn ilé ẹjọ́ wa máa ń gbọ́ ohun tí àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan kí wọ́n tẹ̀ lé e. Ní 1876, nínú ẹjọ́ Nichols àti Marsland, òjò tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí mú kí adágún tí ẹnì kan ṣe sórí ilẹ̀ rẹ̀ ya, omi sì gbé afárá lọ; ilé ẹjọ́ dá a láre, nítorí kò sí ohun tí ẹni tí ó ní làákàyè lè ṣe sí irú òjò bẹ́ẹ̀. Ní 1917, ọ̀rọ̀ mìíràn wáyé ní Scotland, nígbà tí ìjọba ìlú Greenock yí ojú odò kan padà láti ṣe ibi ìṣeré omi fún àwọn ọmọdé, tí òjò ńlá rọ̀, tí omi sì ṣàn ba dúkìá ilé iṣẹ́ rélùwéè jẹ́. Ìjọba ìlú náà ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Àwọn adájọ́ kọ̀ fún wọn: òjò, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kì í ṣe àjèjì ní Scotland, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kan ọ̀nà omi gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ gbé èyí wá sí Iléṣà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti bí oṣù Ẹrẹ́nà títí wọ Ọ̀wàrà, tí oṣù Okúdù sì wà láàárín ìgbà tí ó ń rọ̀ jù lọ. Òjò Okúdù kì í ṣe ohun tí a kò retí. Ọlọ́run ni ó rọ òjò, n kò jiyàn ìyẹn. Ènìyàn ni ó tú òrùlé tí ó sì lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ báyìí fún àwọn àgbà tí wọ́n wá bẹ̀ wá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí, nítorí kò sí ẹni tí ó gbọ́ nínú rẹ̀ pé mo ń bú Ọlọ́run tàbí pé mo ń bú ọmọ wọn.

Àwáwí kejì ni pé àwọn lébìrà ni ó ṣe é, wọn kò gbọ́ràn. Èyí kò gba àkókò púpọ̀. Ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni a gbé iṣẹ́ fún, òun ni ó kó àwọn ọmọ náà wá, òun ni ó ń sanwó fún wọn, òun ni ó sì ń pàṣẹ fún wọn, nítorí náà òun ni òfin yóò mú fún ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tí ó bá fẹ́ gba nǹkan padà lọ́wọ́ wọn, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín òun àti àwọn. Ó bí mi nínú pé ó fẹ́ di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ tí owó òòjọ́ wọn kò ju ohun tí wọn yóò fi jẹun lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onílé kì í yà sọ́tọ̀, tí ó sì máa ń mú kí ẹjọ́ wọn rú pọ̀. Iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa yàtọ̀ sí dúkìá tí a bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé igi tí ó kàn wọ́ ni, ọ̀nà àtúnṣe ni pé kí ó tún un kàn, tàbí kí ó dá apá kan owó náà padà. Ògiri, aṣọ àti tẹlifíṣàn kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Títún òrùlé kàn kò lè dá wọn padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ìdáàbòbò àwọn oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018, ya méjèèjì sọ́tọ̀. Abala 130 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ wa sí iṣẹ́ tí ó dára, pé kí oníṣẹ́ tún àléébù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tàbí kí ó dá owó tí ó bá a mu padà. Abala 136 sì sọ̀rọ̀ nípa ìpalára tí iṣẹ́ tí kò péye bá fà, pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún un. Nínú ìwé tí a kọ sí agbaṣẹ́ṣe náà, a fi ìlà yà wọ́n: apá kan fún òrùlé tí kò parí, apá kejì fún ilé àti ẹrù tí ó bàjẹ́.

Ìṣirò ni ó ṣòro jù, òun náà sì ni mo fẹ́ dúró lé jù lọ. Bàbá ìyá mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, orúkọ oníbàárà, irú aṣọ, iye ọ̀pá, iye owó, ọjọ́ tí wọn yóò sàn án. Àwọn ènìyàn máa ń rántí òṣómàáló fún bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ìwé náà ni èmi máa ń rántí, nítorí láìsí i, ìlóṣòó náà yóò di ariwo lásán. Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà rí i bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Owó tí o bá ní o ná tàbí o pàdánù ní pàtó, o gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀sùn, kí o sì fi ẹ̀rí tí ó dájú gbè é lẹ́yìn. Adájọ́ kò ní fojú bù ú fún ọ. Ẹni tí ó bá sọ pé gbogbo ẹrù ìyá òun ni ó bàjẹ́ lè sọ òtítọ́ kí ó má sì rí kọ́bọ̀ gbà.

Nítorí náà a ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó kó wóróbo kan kúrò nílẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan, ògiri kọ̀ọ̀kan, ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ ẹrẹ̀. A ti ní fọ́tò ilé náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ràn wá lọ́wọ́ gan-an, nítorí agbaṣẹ́ṣe náà kọ́kọ́ sọ pé ògiri náà ti sán tẹ́lẹ̀. Àbúrò mi kìlọ̀ pé kí a má ṣe pa fọ́tò náà rẹ́ kúrò lórí fóònù tí a fi yà á, nítorí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ẹ̀rí tí ó ti inú ẹ̀rọ jáde, ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé ìjẹ́rìí lórí ẹ̀rọ náà àti bí a ṣe lò ó. A pe bíríkìlà méjì tí wọn kò mọ ara wọn, kí olúkúlùkù kọ iye tí yóò gbà láti tún ògiri náà mọ, iye àpò sìmẹ́ńtì, iye búlọ́ọ̀kù, iye iyanrìn àti owó iṣẹ́. A pe oníṣẹ́ iná bákan náà. A sì ra tapólì lọ́jọ́ náà gan-an láti bo àwọn ògiri tí ó kù, a sì gba rìsíìtì rẹ̀, nítorí òfin kò ní jẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ jókòó wo ohun ìní rẹ̀ kí ó máa bàjẹ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ sa ipá tí ó bá yẹ láti dín àdánù kù, owó tí ó bá sì ná sí ìyẹn di ara ohun tí yóò gbà padà.

Ibí yìí ni agbaṣẹ́ṣe náà ti mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ògiri amọ̀ àtijọ́ ni ó wó, búlọ́ọ̀kù tuntun ni a sì fẹ́ kí òun san owó rẹ̀. Ṣé kí òun wá di ẹni tí yóò bá wa sọ ilé àtijọ́ di tuntun? Mo ronú lé e lórí dáadáa, nítorí n kò fẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Àbúrò mi sọ fún mi nípa ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970, ti ilé iṣẹ́ Harbutt tí ń ṣe amọ̀ ìṣeré. Agbaṣẹ́ṣe kan fi páìpù oníke tí kò bá iṣẹ́ náà mu sínú ilé iṣẹ́ wọn, ó tan iná tí ń mú un gbóná, ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú láìsí olùṣọ́. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ náà jóná. Wọ́n kọ́ tuntun, agbaṣẹ́ṣe sì ní kí wọ́n yọ àǹfààní ilé tuntun kúrò nínú owó náà. Ilé ẹjọ́ kọ̀, nítorí àwọn tí ilé wọn jóná kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n tún un kọ́ kí iṣẹ́ wọn má bàa dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún màmá mi. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní ògiri búlọ́ọ̀kù. Ògiri ni wọ́n nílò, àwọn tí ó mọ bí a ti ń fi amọ̀ mọlé dáadáa sì ti ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú. Síbẹ̀ níbi tí a ti ní ọ̀nà mìíràn, a fi sílẹ̀ fún un: tẹlifíṣàn àtijọ́ ni ó bàjẹ́, owó tẹlifíṣàn tòkunbọ̀ ni a kọ, a kò kọ ti tuntun.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa ní kí a lọ fi ọlọ́pàá mú un, pé láàárín wákàtí díẹ̀ yóò kó owó wá. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ó máa ń mú owó jáde nígbà mìíràn. N kò fara mọ́ ọn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ṣẹ̀ sí àdéhùn tàbí nítorí ọ̀rọ̀ tí kò jẹ mọ́ ìwà ọ̀daràn. Agbaṣẹ́ṣe yìí kò jalè, kò sì lu wá ní jìbìtì. Àìbìkítà ni ó ṣe. Bí a bá tì í mọ́lé, àwa ni yóò wá jẹ gbèsè ìwà àìtọ́, owó tí a bá sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ yóò jẹ́ owó tí ìbẹ̀rù mú jáde, tí ó lè padà pè wá lẹ́jọ́ lé lórí.

Èyí tí wọ́n fi ń dá wa dúró jù ni òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń pa á fún. Kò sí ẹni tí ó pa á fún agbaṣẹ́ṣe nígbà tí ó ń kọ̀ láti gbé fóònù wa. Àbúrò mi kọ lẹ́tà kan sí i, láìsí èébú, láìsí ìhalẹ̀ asán: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àdéhùn tí ó rú, iye owó lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì àti ìṣirò àwọn oníṣẹ́, ọjọ́ tí a fún un láti dáhùn, àti pé a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù májísíréètì bí kò bá dáhùn. A sì sọ fún un pé a kò ní san ìyókù owó iṣẹ́ tí ó ṣì wà lọ́wọ́ wa títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú, pé a ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó jẹ wá. Owó tí a kò tíì san yìí ni ó fún wa lágbára jù lọ, mo sì ń gba gbogbo onílé níyànjú pé kí wọ́n má ṣe san owó iṣẹ́ tán kí iṣẹ́ tó parí, bó ti wù kí ẹni tí ó ń ṣe é jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó.

Lẹ́tà náà ni ó mú un wá pẹ̀lú olórí ẹgbẹ́ wọn. A gbà pé kí àwọn àgbà mẹ́ta dá ọ̀rọ̀ náà, kí àwa méjèèjì sì fara mọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. A kọ èyí sílẹ̀, a sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó jókòó. Ìdí wà fún un. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa sọ nínú ẹjọ́ Agu àti Ikewibe ní 1991 pé ìdájọ́ àwọn àgbà ní ìlànà ìbílẹ̀ lè de àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, bí ó bá jẹ́ pé tinútinú ni wọ́n fi gbé e wá, tí wọ́n sì ti gbà ṣáájú pé àwọn yóò tẹ̀ lé e. Ìpàdé ẹ̀bẹ̀ lásán kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà náà ka ìṣirò wa ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba ti ògiri, ti iná, ti àjà àti ti tapólì láì yọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí ìyókù owó iṣẹ́ lọ sínú rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe náà máa san èyí tí ó kù díẹ̀díẹ̀ ní òpin oṣù, kí káfíńtà mìíràn sì parí òrùlé. Ó ti san gbogbo rẹ̀ báyìí, ó sì sọ fún màmá mi níwájú wọn pé kò yẹ kí òun tú ilé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti aṣọ ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Aṣọ òkè tí màmá mi fi ṣe ìgbéyàwó wà nínú àpótí náà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jogún láti inú ọjà bàbá wọn. Àwọn àgbà fi owó aṣọ àlòkù díẹ̀ dí i, wọ́n ní kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó. Mo fọwọ́ sí ìdájọ́ wọn, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà aṣọ òkè wà ní ọjà wa tí wọ́n ń ra ti àtijọ́, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí ó ń wá a, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn wá kí wọ́n tó dárúkọ iye kankan.